Orúkọ Wo Ni Kí N Fi Pe Fídíò Àdìrẹ Mi Kí Oníbàárà Lè Rí I?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń ṣe, Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta ni mo sì ti ń tà á. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń gbé fídíò sórí YouTube kí àwọn tó jìnnà lè rí ọjà mi, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé àti oníbàárà mi àtijọ́ nìkan ló ń wò ó. Àkọlé tí mo ń fi sí i ni "Welcome to our world of beauty", "New arrival", àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ní kí n lọ wá keyword. Báwo ni wọ́n ṣe ń wá a, ibo ni mo sì máa kọ ọ́ sí? Ẹnì kan tún ní kí n san owó kí òun bá mi gbé fídíò náà dé iwájú pátápátá lórí Google. Ṣé kí n san án? — Aláṣọ Ìtòkú

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, Aláṣọ Ìtòkú. Ọjà á tà.

Àkọlé mẹ́ta tí ẹ kọ sínú ìbéèrè yín ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó jókòó sílé rẹ̀ n'Íbàdàn tàbí ní London, tó ń wá aṣọ tó máa rán fún ìnáwó, tó máa wá tẹ "Welcome to our world of beauty" sínú YouTube. Ẹni tó máa tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín, ẹni tó ti mọ̀ yín tẹ́lẹ̀ ni. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé àwọn tó mọ̀ yín nìkan ló ń wò yín. Ẹni tó ń kiri ẹ̀kọ láàárọ̀ kì í ké pé "ẹ káàbọ̀ sínú ayé adùn". "Ẹ̀kọ gbóná rèé o" ló máa ń ké, torí ó mọ̀ pé ẹni tí ebi ń pa nínú ilé, orúkọ ẹ̀kọ ni etí rẹ̀ ń retí. Bẹ́ẹ̀ náà ni keyword ṣe rí: ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fúnra rẹ̀ fi ń béèrè ohun tó ń wá, bó ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ó sì yẹ kí ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn kí ẹ tó gbé fóònù láti ya fídíò. Bí ẹ bá ya fídíò tán kí ẹ tó máa wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu, ẹ ti pẹ́.

Google ló ni YouTube. Ọdún 2006 ló rà á, ní bílíọ̀nù kan dọ́là àti mílíọ̀nù 650. Síbẹ̀, ìwà àpótí ìṣàwárí méjèèjì yàtọ̀ síra, màá sì padà sórí ìyẹn. Ohun tí YouTube fúnra rẹ̀ sọ ni pé òun ń wo bí àkọlé, àlàyé àti ohun tó wà nínú fídíò ṣe bá ọ̀rọ̀ tí èèyàn tẹ̀ mu. Òun ń wo bí àwọn tó tẹ ọ̀rọ̀ kan náà ṣáájú ṣe jókòó ti fídíò náà tó. Òun sì ń wo bóyá ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń sọ lórí kókó náà. Láti ọdún 2012 ni wọ́n ti fi àkókò tí èèyàn fi ń wo fídíò kún ìṣirò èsì ìṣàwárí. Nítorí náà, keyword lè mú àlejò dé ẹnu ọ̀nà yín, ṣùgbọ́n bí fídíò náà kò bá dáhùn ohun tó béèrè, á kúrò, YouTube á sì rí i pé ó kúrò. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, fídíò náà á máa wálẹ̀ nínú èsì. Ìlérí ni ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ sí àkọlé. Ẹ má kọ èyí tí ẹ ò ní mú ṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "adire", ká wo irú ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà, torí náà màá dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń di aṣọ, bí wọ́n ṣe ń pò caustic soda àti hydrosulphite mọ́ aró, àti ìdí tí aró tòun fi ń ṣí. Ohun tó máa tẹ̀ á dà bíi "how to make adire", "tie and dye for beginners", "how to mix dye for adire". Ẹnì kejì ti ní aṣọ lọ́wọ́, tàbí kó jẹ́ télọ̀, irú èyí tó máa rán ló ń wá: "adire gown styles", "adire bubu", "adire styles for men". Ẹnì kẹta ló fẹ́ rà: "adire fabric price", "where to buy adire in Abeokuta", "Itoku market", "adire wholesale". Ẹnì kẹrin ń wá ìtàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, tàbí ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Houston l'Amẹ́ríkà tàbí Peckham ní London, tàbí òyìnbó tó rí àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní British Museum tó wá fẹ́ mọ ohun tí àwọn àwòrán ara rẹ̀ ń sọ. Ẹni yìí lè tẹ "adire eleko meaning", "Yoruba indigo cloth", tàbí orúkọ bátànì kan bíi "Ibadandun".

Èèyàn mẹ́rin nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lẹ́nu gbogbo wọn. Ká ní ẹ gbé fídíò ìṣẹ́jú méjì tí ẹ ti ń tú aṣọ hàn síwájú ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́, kò ní pẹ́ tó fi máa kúrò níbẹ̀, kì í sì í ṣe pé aṣọ yín kò dára. Ẹ gbé fídíò kan náà síwájú ẹni tó tẹ "where to buy adire in Abeokuta", ó lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kó sì pè yín.

Nítorí èyí ni mo fi máa ń sọ pé iye àwọn tó ń tẹ ọ̀rọ̀ kan kọ́ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò. "Adire" lásán lè ní ogunlọ́gọ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́, àmọ́ ẹ ò mọ èwo nínú àwọn mẹ́rin yẹn lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ sì máa bá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá àti àwọn oníròyìn du àyè kan náà. Gbólóhùn gígùn tó tọ́ka sí ibì kan, ohun kan, tàbí ìṣòro kan lè máà ní ju ìwọ̀nba èèyàn lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ti pinnu ohun tó fẹ́. Fún ṣọ́ọ̀bù tí ènìyàn kan tàbí méjì ń bójú tó, ìwọ̀nba yẹn ni mo fara mọ́.

Ẹ má sì fojú kéré ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ o. Bí ẹ bá ń gba ọmọ iṣẹ́, tí ẹ ń ta aró, tàbí tí ẹ ń kọ́ èèyàn lọ́wọ́ owó, òun gan-an ni oníbàárà yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ aṣọ tó ti parí nìkan lẹ ń tà, iye ẹni tó ń wò yín á pọ̀ sí i, àpò yín ò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè pinnu èyí. Ẹ pinnu ẹ̀ kí ẹ tó máa to ọ̀rọ̀ jọ.

Ní ti títo ọ̀rọ̀ jọ, WhatsApp yín ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ irinṣẹ́ èyíkéyìí. Ẹ wo ohun tí àwọn oníbàárà ti bá yín sọ láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, kí ẹ da ìbéèrè wọn kọ bí wọ́n ṣe bi í. Ẹ má tún un kọ, ẹ má sọ ọ́ di gẹ̀ẹ́sì olóyìnbó. "Ṣé kì í ṣí?" "Yáàdì mélòó ló máa tó ìró àti bùbá?" "Ṣé original ni àbí ti ẹ̀rọ?" "Ẹ lè ṣe é fún aṣọ ẹbí àádọ́ta èèyàn?" "Báwo ni mo ṣe máa fọ̀ ọ́?" Àwọn tí kò ní nọ́ńbà yín ń bi Google ní ìbéèrè kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dúró lẹ́yìn igbá ọjà lójoojúmọ́ ní ohun tí ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nínú yàrá rẹ̀ ní ìlú mìíràn kò ní: ẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà látẹnu ẹni tó fẹ́ náwó.

Bí ìwé yẹn bá ti ní ogún ìbéèrè tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ sínú àpótí ìṣàwárí YouTube. Ẹ lo ojú ewé incognito, èyí tí kì í rántí ohun tí ẹ ti wò, kí ẹ má sì wọlé pẹ̀lú àkáǹtì yín, torí ohun tí ẹ ti ń wò tẹ́lẹ̀ máa ń yí ohun tí wọ́n ń dábàá fún yín padà. Ẹ tẹ "adire", ẹ fi àyè kan sílẹ̀, kí ẹ dúró. Inú ohun tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ lóòótọ́ ni àwọn gbólóhùn tó máa já wálẹ̀ yẹn ti ń wá. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi lẹ́tà kan tẹ̀lé e, "adire a", "adire b", "adire c", títí dé ìparí. Ẹ tún fi "how to", "why does", "best" àti "price of" ṣáájú rẹ̀. Iṣẹ́ tó máa ń sú èèyàn ni, mo mọ̀, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni, ọ̀sán ọjọ́ kan sì tó o. Kí ẹ ṣe bákan náà fún "kampala", "tie and dye" àti "batik", nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń wá irú aṣọ yín ló ń pè é ní àdìrẹ. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Èkó, kàmpálà ló ń jẹ́. Òyìnbó tó fẹ́ràn aṣọ pípa láró sì lè má tíì gbọ́ èyíkéyìí nínú orúkọ méjèèjì.

Ẹ tún àwọn ọ̀rọ̀ yẹn tẹ̀ lórí Google, kí ẹ wo àpótí "People also ask" àti àwọn ìṣàwárí tó jọ ọ́ nísàlẹ̀ ojú ewé. Ibẹ̀ ni ìbéèrè tó ní gbólóhùn kíkún pọ̀ sí.

Nínú àwọn irinṣẹ́ ọ̀fẹ́, Google Trends, tó ń fi hàn bí àwọn èèyàn ṣe ń wá ọ̀rọ̀ kan sí láti ìgbà dé ìgbà, ni mo fẹ́ràn jù. Bí ẹ bá dé orí ẹ̀, ẹ yí "Web Search" padà sí "YouTube Search", torí wọ́n ń ka méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ mú Nàìjíríà, kí ẹ fi "adire" wé "kampala" àti "tie and dye", lẹ́yìn náà ẹ yí orílẹ̀-èdè padà sí Britain tàbí Amẹ́ríkà, kí ẹ wo ohun tó yí padà. Nọ́ńbà tó máa ń wà níbẹ̀, láti 0 dé 100, kì í ṣe iye èèyàn. 100 ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà gbóná jù lọ láàárín àkókò tí ẹ yàn, 50 sì jẹ́ ìdajì ìyẹn. Àfiwé àti àsìkò ni irinṣẹ́ yìí dára fún. Bí ẹ bá rí i pé "adire aso ebi" tàbí ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ máa ń gbérí bí Kérésì bá ń bọ̀, oṣù kẹsàn-án ló yẹ kí fídíò yẹn ti wà lórí YouTube. Ó máa ń gba àkókò kí ìṣàwárí tó mọ ibi tó yẹ kó gbé fídíò tuntun sí, pàápàá fídíò láti orí ìkànnì tó kéré. Bí Trends bá sọ fún yín pé dátà kò tó, ẹ má rò pé kò sẹ́ni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn kéré ju ohun tí wọ́n ń fi hàn lọ ni.

Keyword Planner tún wà nínú Google Ads. Ẹ nílò àkáǹtì ìpolówó kí ẹ tó lè lò ó, bí ẹ kò bá sì tíì máa náwó ìpolówó, àlàfo bíi "100 sí 1,000" ló máa ń fi hàn dípò iye gan-an. Ìṣàwárí orí Google ló ń kà, kì í ka ti YouTube. Ó dára láti fi mọ èyí tó pọ̀ ju èkejì lọ, kò jù bẹ́ẹ̀. Ní ti àwọn irinṣẹ́ olówó bíi vidIQ àti TubeBuddy, nọ́ńbà tí wọ́n ń fi hàn jẹ́ ìfojúbù tiwọn. Ní ibi tí ẹ dé yìí, ẹ ò tíì nílò wọn.

Ìwé yín á ti kún báyìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kù.

Ẹ tẹ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sínú YouTube, kí ẹ wo fídíò márùn-ún tó bá kọ́kọ́ jáde. Ẹ wò wọ́n lóòótọ́, ẹ má kàn ka àkọlé. Ṣé wọ́n dáhùn ìbéèrè náà, àbí ohun mìíràn ni wọ́n ń sọ tí YouTube kàn fi dí àyè torí kò rí èyí tó sàn jù? Ṣé ọjọ́ ti gorí wọn? Ṣé ìkànnì kékeré bíi tiyín wà láàárín wọn? Kí ni àwọn èèyàn ń béèrè lábẹ́ fídíò tí kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn? Bí ẹ bá rí gbólóhùn tí èèyàn ń tẹ̀, tí fídíò tó wà lórí rẹ̀ kò sì dáhùn dáadáa, àyè yín nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ, torí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ lókèèrè ti kún ọjà, àdìrẹ ni wọ́n sì ń pè é. Ẹni tó bá ti rà á rí á máa bẹ̀rù, "ṣé original ni?" sì máa wà lára ìbéèrè tó pọ̀ jù lórí WhatsApp yín. Ẹ tẹ "how to know original adire" àti "original adire vs printed", kí ẹ wo ohun tó jáde. Ta ló lè dáhùn rẹ̀ ju ẹni tí aró wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ? Ẹ tẹ́ aṣọ méjèèjì sórí tábìlì. Ẹ yí ẹ̀yìn wọn padà, kí wọ́n rí i pé aró tí a fi ọwọ́ rẹ máa ń wọ aṣọ já síhà kejì, nígbà tí àwọ̀ ẹ̀yìn èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ kì í sábà kún tó ti iwájú. Ẹ fi ìka tọ ilà ibi tí ẹ fi iko dì, kí wọ́n rí i pé kò sí òdòdó méjì tó bára mu délẹ̀délẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹ̀rọ máa ń tún ara rẹ̀ kọ láìyẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Bó bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, ẹ fi ibi tí ìyẹ́ tàbí abẹ́ tó fi láfún ya iṣẹ́ náà ti gbọ̀n díẹ̀ hàn. Fídíò yìí máa dáhùn ìbéèrè kan tán pátápátá, ó sì máa ta ọjà yín láìjẹ́ pé ẹ sọ pé "ẹ wá rà". Ó tún máa gbèjà gbogbo ìyá tó wà ní Ìtòkú àti Àsèrò tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ń di ohun tí wọ́n ń fi ojú yẹpẹrẹ wò.

Kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún Google, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ kí ẹ wò bóyá fídíò tiẹ̀ máa ń jáde. Bí èèyàn bá béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan, Google sábà máa ń gbé fídíò sójú ewé àkọ́kọ́. Bó bá béèrè iye owó, àwọn ìkànnì ìtajà ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Google kò bá fi fídíò dáhùn, ẹ fi sílẹ̀ fún YouTube nìkan tàbí fún ìkọ̀wé lórí website yín. Bí ẹ bá sì ní website tiyín tí ẹ fẹ́ gbé fídíò sí, kí ojú ewé kan ní fídíò kan tó jẹ́ ohun pàtàkì inú rẹ̀. Láti ìparí ọdún 2023 ni Google ti sọ pé ojú ewé tí fídíò bá ti jẹ́ àfikún lásán kò ní máa jáde lábẹ́ abala fídíò mọ́.

Ẹ ò béèrè nípa èdè, ṣùgbọ́n ó kàn yín. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú fóònù kì í fi àmì sí i. "Aso oke", "iro ati buba", "adire eleko" ni wọ́n máa ń tẹ̀, ó sì lè jẹ́ kíbọọ̀dù wọn ni kò jẹ́ kó rọrùn. Nítorí náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà láìlámì sínú àkọlé, kí ẹ sì kọ ọ́ pẹ̀lú àmì tó pé nínú àlàyé abẹ́ fídíò. Lọ́nà yìí, ẹ ti ran oníbàárà lọ́wọ́, èdè wa kò sì di jákujàku mọ́ yín lọ́wọ́. Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ ya díẹ̀ nínú àwọn fídíò yín ní èdè Yorùbá pátápátá. Fídíò tó ń kọ́ni níṣẹ́ àdìrẹ ní Yorùbá kò pọ̀ rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá sì ń tẹ "bi a se n se adire" kò ní rí ọ̀pọ̀ tí yóò mú. Ẹ fúnra yín kọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fídíò ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ gbé e wọlé nípasẹ̀ YouTube Studio, ibi tí ẹ ti ń bójú tó ìkànnì yín, kí ará Peckham tí Yorùbá rẹ̀ kò dán mọ́rán lè bá yín lọ.

Ó wá ku ibi tí ẹ máa kọ wọ́n sí, èyí kò sì le rárá. Àkọlé kò lè ju lẹ́tà 100 lọ, ojú fóònù sì máa ń gé e kúrò kó tó pé, torí náà kí gbólóhùn tí oníbàárà tẹ̀ wà níwájú. "How to Know Original Adire: Hand-Dyed vs Printed (Itoku, Abeokuta)" dára. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín lè wà nínú àlàyé. Àlàyé gba lẹ́tà 5,000, ṣùgbọ́n ìlà méjì àkọ́kọ́ nìkan lèèyàn ń rí kó tó tẹ̀ ẹ́, ẹ kọ ohun tí fídíò náà dáhùn síbẹ̀ ní gbólóhùn gidi, lẹ́yìn náà àdírẹ́sì àti nọ́ńbà WhatsApp. YouTube fúnra rẹ̀ ti sọ pé tags, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kọ sí àpótí tiwọn lọ́tọ̀ bí ẹ bá ń gbé fídíò sókè, kò ní ipa tó pọ̀ nínú rírí fídíò. Ìgbà tí èèyàn bá ń ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ ló wúlò jù, bíi "adirre" tàbí "adire elekoo". Ẹ má lo ọjọ́ yín níbẹ̀. Hashtag díẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ní àmì # níwájú, tó. Bó bá ti ju 60 lọ, wọn kò ní ka ìkankan.

Ẹ pín fídíò gígùn sí orí. Ẹ kọ àkókò sínú àlàyé, kí àkọ́kọ́ jẹ́ 00:00, kó tó mẹ́ta ó kéré tán, kí orí kọ̀ọ̀kan má sì dín ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Orúkọ tí ẹ bá fún orí kọ̀ọ̀kan náà lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń wá: "Wíwo ẹ̀yìn aṣọ", "Why the back is pale". Google lè gbé èèyàn lọ sí ibẹ̀ tààrà láti inú èsì ìṣàwárí. Kí ẹ sì fi ẹnu yín sọ ìbéèrè náà ní kété tí fídíò bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó wọlé mọ̀ pé ibi tó ń wá ló dé. Orin gígùn àti àmì ṣọ́ọ̀bù tó ń yí po lójú fídíò ń lé e lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọ̀rọ̀ ìṣàwárí jọ sísàlẹ̀ àlàyé bíi àkójọ, "adire, adire Lagos, adire London, cheap adire". Ó lòdì sí òfin YouTube, wọ́n sì lè torí ẹ̀ yọ fídíò náà.

Lẹ́yìn bí oṣù kan, ẹ wọ YouTube Studio, ẹ ṣí Analytics ti fídíò kan, kí ẹ tẹ ibi tí àwọn olùwòran ti wá, kí ẹ wá mú "YouTube search". Wọn á fi ọ̀rọ̀ tí èèyàn tẹ̀ kó tó rí yín hàn yín. Mo ka ojú ewé yẹn sí ju gbogbo irinṣẹ́ tí mo ti dárúkọ lọ, torí ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà tiyín ló wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ máa rí ọ̀rọ̀ tí ẹ kò rò rárá. Ká ní ẹ pe fídíò ní "how to wash adire", tí ọ̀pọ̀ sì ń gba "how to stop adire from fading" wọlé, àkọlé tuntun ni wọ́n ń bá yín wá yẹn, tàbí fídíò tuntun pátápátá. Ẹ tún wo ìdá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó rí àwòrán iwájú fídíò tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. YouTube sọ pé ìdajì gbogbo ìkànnì àti fídíò ló ń wà láàárín 2 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí tiyín bá kéré sí 2 nígbà tí ó ń jáde fún ọ̀rọ̀ tó tọ́, àwòrán iwájú tàbí àkọlé ló nílò àtúnṣe. Bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ tí wọ́n sì ń kúrò kíákíá, inú fídíò gan-an ni ìṣòro wà. Ohun kan ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù yín, fídíò bí èèyàn ṣe máa dá original mọ̀ ni mo máa kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹ ṣe ń fọ àdìrẹ kó má ṣí. Ẹ̀kẹta, iye yáàdì tó máa tó ìró àti bùbá, bùbù, àti dàńṣíkí, pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́ àti téèpù télọ̀. Ẹ̀kẹrin, ìrìn àjò nínú ọjà Ìtòkú láti ẹnu ọ̀nà dé ìsọ̀ yín, fún ẹni tó tẹ "Itoku market Abeokuta". Ẹ̀karùn-ún, bí wọ́n ṣe ń bèèrè fún aṣọ ẹbí, ọjọ́ tó ń gbà àti ohun tó ń mú owó rẹ̀ lọ sókè tàbí wálẹ̀. Bí àjọ̀dún Lísàbí ti àwọn Ẹ̀gbá bá ń sún mọ́lé, ẹ lè fi ti aṣọ àjọ̀dún kún un. Fídíò "New arrival" yín kò burú fún Instagram àti status WhatsApp, níbi tí àwọn tó ti mọ̀ yín wà. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀.

Ní ti ẹni tó ní kí ẹ sanwó kí òun gbé yín dé iwájú, ẹ má san án. Google fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn pé kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ipò kìn-ín-ní lórí Google. Ohun tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tà ni iye ìwò tí ẹ̀rọ ń ṣe, YouTube sì ka ìyẹn sí jìbìtì. Wọ́n lè pa iye náà rẹ́, wọ́n sì lè yọ fídíò yín tàbí kí wọ́n ti ìkànnì yín pa. Bí ẹ bá ní owó tí ẹ fẹ́ ná, ẹ fi ra máìkì kékeré tí wọ́n ń fi há aṣọ. Ariwo ọjà Ìtòkú pọ̀, ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn yín dáadáa kò ní dúró gbọ́ ìdáhùn náà, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ tó gbé e wá bá a mu tó.